Flagyl tí wọ́n fi dírípù fún mi nígbà iṣẹ́ abẹ

Télọ̀ ni mí, ní Òṣogbo. Lọ́dún tó kọjá, apẹ́ńdíìsì mi, ẹ̀ka kékeré tó so mọ́ ìfun ńlá, ti bẹ́ sínú kí n tó dé ọsibítù. Metronidazole, tí gbogbo wa mọ̀ sí Flagyl, wà lára oògùn tí wọ́n fi gbà mí. Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un.

Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn mí ni nọ́ọ̀sì ti gbé ìgò kékeré kọ́: 500 mg nínú omi 100 ml, ó sì tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó kán tán. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe oògùn ìgbẹ́ gbuuru nìyẹn?" Ó ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó ṣàlàyé pé inú ìfun ńlá kún fún kòkòrò tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Bí apẹ́ńdíìsì bá bẹ́, wọ́n á tú jáde sínú ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ nǹkan di ọyún tó ń rùn. Inú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni Flagyl ti ń di májèlé. Àwọn tó ń lo afẹ́fẹ́, kò rí wọn gbé ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi ceftriaxone, oògùn mìíràn tó ń pa irú àwọn yẹn, kún tèmi. Ká ní kò tíì bẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ṣáájú iṣẹ́ abẹ ì bá ti tó. Èmi gbà á ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tó yí i sí oníhóró.

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Àrùn ojú ara obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi tọ́jú. Obìnrin kan ń lò ó nílùú London, ni erìgì rẹ̀ tó ń kẹ̀ bá san pẹ̀lú. Ọdún 1962 ni ìròyìn náà jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn.

Ìtọ́wò tí Flagyl ń fi sí mi lẹ́nu ni mo fi yọ máàkì kan. Ẹni tó bá ti há píìnì sẹ́nu nígbà tó ń gé aṣọ á mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀kọ, ọbẹ̀, omi, gbogbo rẹ̀ ń ta bí irin. Ìtọ̀ mi tún pọ́n bí omi pòpórò, ẹ̀rù bà mí gan-an, àfi ìgbà tí àbúrò mi ní oògùn náà ló fà á. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún mi ṣáájú. Ẹ má sì fẹnu kan ọtí títí ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ pẹ̀lú.

Ó ń dùn mí pé kẹ́míìsì kan ládùúgbò wa ń ta hóró méjì-méjì rẹ̀ fún ẹni tí inú bá ṣáà ti ń run.

Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n tú okùn ara mi. Mo wo ojú rírán náà dáadáa: ó gbẹ, kò sì rùn.