Ẹ ṣọ́ra o! Téèpù lásán ni wọ́n ń wé mọ́ ọmọ igi tí wọ́n ń pè é ní grafted

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbin igi eléso sẹ́yìn ilé yín lásìkò òjò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, inú sì ń bí mi débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan ló ń polówó ọmọ igi lórí WhatsApp. Máńgòrò Kent, Keitt, Julie, píà Hass, ọsàn, àgbọn tí kì í ga, kí lẹ fẹ́ tí kò ní? Ó tún ní máńgòrò Miyazaki, èyí pupa fòò tí wọ́n ń ta lówó gọbọi ní Jàpáànì. Fótò ìyẹn ló mú mi. Igi kékeré nínú nylon dúdú, kò ga ju orúnkún lọ, máńgòrò ńláńlá rọ̀ lára ẹ̀ wàlàwàlà. Ìgbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́ ni mo tó fẹ fótò yẹn lójú lórí fóònù, ẹ ò ní gbà gbọ́, òwú ni! Òwú funfun ni wọ́n fi so máńgòrò mọ́ ẹ̀ka, kókó ẹ̀ hàn gbangba lókè èso tó wà lápá ọ̀tún. Wọ́n lọ ra máńgòrò lọ́jà, wọ́n so ó mọ́ igi, wọ́n yà á ní fótò. Ta ló máa rò pé èèyàn lè jókòó ṣe irú ẹ̀?

Mi ò kì í ṣe òmùgọ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má wá bú mi. Mo béèrè ọ̀rọ̀. Mo ní ṣé grafted ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀ka igi gidi ni wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ìdí igi mìíràn, ó ní "Mọ́mì mi, gbogbo ẹ̀ pátápátá ni, ẹ ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́so." Mo ní kó fi fídíò ránṣẹ́, ó fi ránṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ń bomi rin igi lábẹ́ ìbòòji, ó lọ súà. Ibo ni mo fẹ́ ti mọ̀ pé fídíò oníṣòwò mìíràn ní Kenya ló lọ jí gbé? Méjìlá ni mo rà, máńgòrò àti píà, 8,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò ẹ̀, 96,000 náírà, mi ò tíì ka owó waybill mọ́ ọn, owó tí mo sì ń tọ́jú fún nǹkan mìíràn ni, tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí torí bàbá àwọn ọmọ mi náà máa ń ka nǹkan tí mo bá kọ.

Wọ́n dé, ewé ń dán, téèpù wà láàárín igi kọ̀ọ̀kan, orúkọ wà lára nylon. Mo sanwó fún ẹni tó gbẹ́ ihò, mo ra ìgbẹ́ adìẹ, mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́, mo tún ń fi wọ́n yangàn fáwọn ará àdúgbò! Ìgbà tó yá, igi ti ń sanra, téèpù ti ń fún un, mo bá mú bíléèdì láti gé e kúrò. Mo ń wá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Èèpo igi ń dán látòkè délẹ̀, àwọ̀ kan náà, kò sí àpá, kò sí ibi tó wú. Mo tú ìkejì, bákan náà. Mo tú gbogbo wọn pátá, ẹ̀yin èèyàn mi, téèpù lásán! Kóró máńgòrò táwọn èèyàn jẹ sọ nù ni wọ́n gbìn, wọ́n fi téèpù wé e, wọ́n gba 8,000 lọ́wọ́ mi.

Mo pè é. Ẹ gbọ́ èsì ẹ̀: "Ó ti jinná ni, mọ́mì." Ó ti jinná! Èmi tí àpá abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi lọ́mọdé ṣì wà lápá mi dòní! Mo ní píà ń kọ́, ó ní kóró Hass gidi láti Kenya lòun gbìn, ẹnu ara ẹ̀ ló fi jẹ́wọ́, kò sì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kóró Hass kì í bí Hass. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo Hass tó wà láyé ti wá, Rudolph Hass, ọkùnrin kan tó ń pín lẹ́tà ní California, ló ni ín, ó gba ìwé àṣẹ lé e lórí lọ́dún 1935, àtìgbà yẹn ẹ̀ka ni wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ igi mìíràn. Tẹ́ ẹ bá gbin kóró ẹ̀, píà á hù o, àmọ́ ohun tó bá wù ú ló máa so. Miyazaki yẹn náà, orúkọ ìlú ni, máńgòrò Irwin láti Florida ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, inú ilé onírọ́bà ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n á ta àwọ̀n sábẹ́ èso kọ̀ọ̀kan kó lè já sínú ẹ̀ tó bá pọ́n. Ìtọ́jú ló sọ ọ́ di olówó gọbọi. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀gbẹ́ni yẹn, ó blọ́ọ̀kì mi.

Àwọn kan á ní ṣebí NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa èso àti ewébẹ̀, wà ní Ìdí-Iṣin níbí, kí ló dé tí mi ò lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni, Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọkọ̀ kan ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ ò tíì ra nǹkan lórí fóònù rí ni? Olè ló jalè, èmi kọ́. Àwọn tó ń ta ọmọ igi lójú títì náà ò sàn jù ú lọ lójú mi báyìí, mo ti dúró lọ́dọ̀ wọn, mo ní kí wọ́n tú téèpù kí n wò ó, oníkálukú ń fajú ro. Tó bá dá yín lójú, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bínú?

Ẹ tètè gbọ́ ìwọ̀nba tí mo lè sọ. Ẹ má rà láìrí i. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tú téèpù ọ̀kan, àpá gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀, èèpo òkè àti tìsàlẹ̀ kì í sábà jọra. Tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn ni, ẹ ní kó pè yín ní fídíò lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe èyí tó ti yà sílẹ̀. Ẹ bi í pé igi wo ló ti gé ẹ̀ka, tó bá ń kólòlò, ẹ gbéra. Ẹni tó bá ní máńgòrò tó ti ń so wà nínú nylon, ẹ wá òwú.

Àwọn ti ẹ̀yìn ilé mi, mi ò ní fà wọ́n tu, torí bàbá kan ládùúgbò wa tó mọ igi lẹ̀ ti ní wọ́n ṣì wúlò, òun lè lẹ ẹ̀ka gidi mọ́ wọn. Ẹ̀ka ló kù. Ẹni tó bá ní máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ tó dùn nílé, tàbí Julie tó ti ń so, kó bá mi sọ̀rọ̀. Màá wá fúnra mi, màá kọ́kọ́ jẹ èso ẹ̀ níbẹ̀ kí n tó gé nǹkan kan, mi ò fẹ́ fótò.