Ẹ̀rọ ajórin oní-dísù tòkunbọ̀ tí mo rà: nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí irin ò jó

Owódé Onírin ni mo ti rà á, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, oní-dísù tó ń fi ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ pèsè iná, 250 amp. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Géètì àti bọ́gúlárì ni mò ń ṣe, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní àwọn ilé tuntun lọ́nà Mowe sí Ibafo, níbi tí òpó iná ò tíì dé. Ẹ̀rọ tó bá gbójú lé NẸ́PÀ, ẹrù lásán ló jẹ́ níbẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, ó mọṣẹ́. Irin gèéjì 12, gèéjì 10, ó ń jó wọn láìjẹ́ kí electrode (ọ̀pá tí a fi ń jórin) lẹ̀ mọ́ irin, iná rẹ̀ kì í sì í ta pàràpàrà bíi ti àwọn tíránsífọ́mà tí wọ́n ń wé ládùúgbò. Ó kàn ń mu dísù ni.

Wàhálà dé lẹ́yìn tó ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lásìkò òjò. Mo sitáàtì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dún dáadáa, mo fi electrode ha irin, kò ta páá. Rìwáńdà (ẹni tó ń wé kọ́ìlì, ìyẹn wáyà inú ẹ̀rọ) tí mo pè kò tíì tú bóòtù kan tó fi ní kọ́ìlì ti jó, àfi ká wé tuntun. Owó tó pè! Mo ní kó fún mi láyè ná.

Mo kọ́kọ́ gbé ìsáré rẹ̀ sókè, torí pé bó bá ń rọra sáré, kò ní gbé iná tó lè jó irin jáde. Mo wá ki gíráńdà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Kò mira. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ká ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìjórin nìkan ló kú, dáyóòdù (èyí tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) àti súwíìsì tí a fi ń yan kọ́rẹ́ǹtì ni ǹ bá lọ wò. Nígbà tí méjèèjì kú pọ̀, ó jọ pé róótọ̀ (kọ́ìlì tó ń yí nínú ẹ̀rọ) ni kò rí iná jẹ.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù (èyí tó ń gbé iná wọ róótọ̀) kan ti há sínú ilé rẹ̀, kò kan òrùka tó wà lára róótọ̀ mọ́, òrùka ọ̀hún sì ti dúdú. Mo fi sáńpépà tó kúnná ha á títí tó fi dán, mo fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, mo tú kábọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ kó lè máa lọ kó máa bọ̀. Tẹ́sítà láti òrùka kan sí ìkejì: ó gbé, ìyẹn ni pé wáyà ò já. Láti òrùka sí ọ̀pá àárín: kò gbé, ìyẹn ni pé iná ò jò sára irin. Kọ́ìlì tí wọ́n ní ó jó kò jó rárá.

Síbẹ̀ iná ò wá. Òòfà díẹ̀ tó máa ń ṣẹ́kù sára irin róótọ̀, tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ iná, ti tán pátápátá. Mo tún pa á, mo yọ wáyà kábọ́ọ̀nù méjèèjì, mo fi bátìrì mọ́tò 12 fóòtì kàn wọ́n fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù sí nẹ́gétíìfù. Mo dá wáyà padà, mo sitáàtì. Gíráńdà figbe ta, tẹ́sítà sì ka bíi 70 fóòtì lẹ́nu kébù.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ibi tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù pamọ́ sí ló jẹ ọ̀kan yẹn: ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń wọ̀ ọ́, tipátipá. Ìyípo 1800 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ṣe é fún, fún iná 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Àwọn mẹkáníìkì kan a máa dín in sí 1500 kó lè bá 50 Hz tiwa mu. Ẹ má gbà fún wọn, iná ìjórin yóò rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń lọ ra irú rẹ̀, ẹ mú gíráńdà àti electrode dání, kẹ́ ẹ jó irin níwájú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó ka owó.