Èwo ni ká ṣe: páàkì ìgbafẹ́ àbí ọ̀nà ẹsẹ̀ lẹ́bàá òkè Olóṣùnta?

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, páàkì ìgbafẹ́ láàárín ìlú dáa o, àwọn ìyá wa á ríbi jókòó, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n, tí kò bá sì sẹ́ni tó ń gé koríko ẹ̀, kò ní pẹ́ digbó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ gba ìdí òkè Olóṣùnta ńkọ́? Àpáta ti wà níbẹ̀ ní tiẹ̀, àlejò náà á sì wá wò ó, ṣùgbọ́n tójò bá ti rọ̀, àpáta yẹn máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ẹ gbọ́dọ̀ ri irin ìdìmú mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì bi àwọn àwòrò kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun torí ibi ìbọ ni, ọdọọdún la ń ṣọdún ẹ̀. Èmi o, ọ̀nà òkè ni mo fara mọ́, ká ṣáà gbin igi, ká ṣe bẹ́ǹṣì sídìí ẹ̀ fáwọn àgbà.