Wáyà Bàbà Gidi àti Wáyà Tí Wọ́n Fi Bàbà Bò Lára: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Ilé Yín?

Ẹni tó bá gba òpópónà Ọba Adéṣidà lọ sí apá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ láti ra wáyà iná fún ilé tuntun lè rí róòlù méjì tí wọ́n jọra bí ìbejì. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n, 2.5 ni wọ́n tẹ̀ sára méjèèjì, bí ẹ bá sì bó rọ́bà orí wọn, pupa ni ẹ óò bá nínú àwọn méjèèjì. Owó nìkan ni ìyàtọ̀ tó hàn sójú: ọ̀kan wọ́n, èkejì rọ̀ lọ́rùn gan-an, ẹni tó ń tà á yóò sì ní, “Bàbà ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó fúnra yín.” Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe fi ojú ra wáyà, kí ẹ má sì ṣe tìtorí orúkọ tó wà lára róòlù rà á. Òṣùwọ̀n, ọ̀bẹ àti mítà tí oníṣẹ́ iná fi ń yẹ iná wò ni kí ẹ fi rà á.

Róòlù àkọ́kọ́ jẹ́ bàbà láti òde dé inú. Èkejì jẹ́ alumíníọ́mù, ohun kan náà tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò, tí wọ́n wá fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lára. Kì í ṣe pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò wúlò níbi kankan, nítorí wọ́n ń lò ó nínú wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti okùn àǹtẹ́nà, níbi tí iná tó ń kọjá kò ti tó nǹkan. Ohun tó burú ni kí wọ́n tà á fún yín gẹ́gẹ́ bí bàbà, kí ẹ sì fi fa iná dé ìdí kẹ́tùlù.

Bàbà ń gba iná kọjá ju alumíníọ́mù lọ. Bí a bá pe agbára bàbà ní 100, ti alumíníọ́mù kò ju bíi 61 lọ, bàbà tín-ínrín tó bò ó lára kò sì fi nǹkan pàtàkì kún un. Nítorí náà, wáyà 2.5 irú èyí ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé 1.6 ni, ṣùgbọ́n bíréékà ámípíà 20 tí oníṣẹ́ iná fi ń ṣọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bíréékà náà gbà pé 2.5 tó jẹ́ bàbà ni òun ń ṣọ́, kò sì ní já nígbà tí wáyà bá ti ń gbóná kọjá ààlà nínú páìpù tó wà lábẹ́ símẹ́ǹtì. Gílóòbù àti fáànù lè lo irú wáyà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura. Kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù àti éésì ni wọ́n máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Ilé ìdáná wa ní Òkè-Àró ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń ki kẹ́tùlù sí bẹ̀rẹ̀ sí rùn bíi rọ́bà tó ń jóná kí a tó lo ọdún kan nínú ilé náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo sì ń dá lẹ́bi. Nígbà tí oníṣẹ́ iná kan wá pa iná láti bíréékà ńlá, tó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, a rí i pé ojú síkúrù kan ti dúdú bí èédú, rọ́bà wáyà ti yọ́ sẹ́yìn tó ìwọ̀n èékánná, síkúrù tí wọ́n ti dè pinpin sì ti ń mì. Ó fi abẹ ha wáyà náà lẹ́ẹ̀kan péré, funfun bíi ti ṣíbí sì yọ lábẹ́ pupa. Ó ṣàlàyé pé bí alumíníọ́mù bá ti gbóná lábẹ́ síkúrù, ó máa ń wú, síkúrù a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, bó bá sì tutù, àyè a ṣẹ́ kù. Atẹ́gùn tún máa ń mú èèpo kan jáde lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, nípa bẹ́ẹ̀ ooru a máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Òṣùwọ̀n ni ó rọrùn jù láti fi dá wọn mọ̀, nítorí bàbà wúwo ju alumíníọ́mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Róòlù 2.5 onímítà 100 tó jẹ́ bàbà gidi máa ń wọn nǹkan bíi kílò 3 pẹ̀lú rọ́bà ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi bàbà bò kì í sábà dé kílò 2. Nígbà tí mo fẹ́ ra wáyà mìíràn, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà, mo sì gbé róòlù méjì lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní ìsọ̀ kejì. Ìyá náà wò mí títí, wọ́n ní, “Ṣé wáyà náà ni ẹ máa sè lálẹ́ yìí, Bọ̀dá?” Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kọjá 3 fún róòlù àkọ́kọ́; fún èkejì, ó fi díẹ̀ kọjá 1 àti ààbọ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ọlọ́jà kò bá mi jiyàn mọ́, ó kàn gbé èkejì padà sórí pẹpẹ.

Bí kò bá sí òṣùwọ̀n nítòsí, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé wáyà, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha á. Inú funfun tí pupa yí ká jẹ́ alumíníọ́mù. Àmọ́ wáyà kan wà tó jẹ́ funfun lóde tó sì pupa nínú. Bàbà ni ìyẹn, tánńganran ni wọ́n fi bò ó, kò sì ní àléébù. Mágínẹ́ẹ̀tì tí àwọn kan máa ń mú dání kò wúlò níhìn-ín, nítorí kì í fa bàbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í fa alumíníọ́mù.

Mítà oníṣẹ́ iná ni mo fọkàn tán jù. Ẹ gbé e sí óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó, kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu okùn rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ sì yọ iye tó bá kọ kúrò nínú ohun tí ẹ óò kà lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá fi kan orí méjèèjì róòlù 2.5 onímítà 100, bàbà gidi yóò kọ nǹkan bíi 0.75, èyí tí wọ́n fi bò yóò kọjá 1.1. Mítà yìí tún ń mú ọ̀tá kejì, ìyẹn bàbà gidi tí kò péwọ̀n. 2.5 tí wọ́n kọ kì í ṣe sísanra wáyà bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, fífẹ̀ gbogbo ojú ibi tí wọ́n bá ti gé e ni (mm²). Wáyà 2.5 tó jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo nínú, tó sì péwọ̀n, gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà 1.78. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tó bá ní kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn sísanra nǹkan, lè bá yín wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ní ti owó, mítà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi ṣírò, nítorí róòlù tó bá jẹ́ yáàdì 100 kò ju bíi mítà 91 lọ. Bí owó kò bá tó, ẹ ra bàbà gidi fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, éésì àti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ná. Nínú yàrá tí ẹnì kankan kò tíì gbé, páìpù òfìfo nìkan ni kí ẹ rì mọ́ ògiri.

Fún ẹni tó ti ń gbé inú ilé tí wọ́n ti fa iná sí, kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ iná pa bíréékà ńlá, jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà, kí oníṣẹ́ náà fi mítà rí i dájú pé iná kò sí, kí ó tó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná. Bí funfun bá yọ nígbà tó bá fi abẹ ha wáyà, kí oníṣẹ́ náà fi bíréékà ámípíà 10 rọ́pò 20, kí kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù sì kúrò níbẹ̀ títí owó yóò fi wà láti fa bàbà gba inú páìpù kan náà.