Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ reef inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà n'Ìbàdàn o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja omi òkun sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ tèmi ná. Iyọ̀ reef ni iyọ̀ tá a fi ń po omi òkun fún táńkì, calcium àti magnesium wà nínú ẹ̀, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Táńkì mi tó wà nílé l'Ákóbọ̀, 200 lítà ni, ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀. Alkalinity (èròjà inú omi tí kì í jẹ́ kó kan, dKH la fi ń wọ̀n ọ́n) 8.5 dKH, calcium 420, magnesium 1300, àwọn ni iyùn fi ń kọ́ egungun ẹ̀, kì í yẹ̀. Mo ní iyùn nínú ẹ̀, iyùn tó ń mí o, kì í ṣe ti ọrùn. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní hammer, olórí mẹ́ta, èmi fúnra mi ni mo fi kúlà gbé e wá láti Èkó, orí itan mi ló wà láti Berger títí dé Ìwó Road.

Iyọ̀ tí mò ń lò ti wọ́n jù, ni mo bá rí ọ̀gbẹ́ni kan lórí WhatsApp, ó ní inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá lòun ti ń wọn iyọ̀ reef gidi sínú ọ̀rá, 10 kíló, ₦45,000. Mo sanwó ṣáájú. Ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tó. Ọlọ́kadà gbé ọ̀rá funfun kan wá, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lótéèpù dì í lẹ́nu, kò sórúkọ, kò sí déètì. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó ní "Bàbá Ìbejì, iyọ̀ ọbẹ̀ nìyí o." Mo jágbe mọ́ ọn! Mo ní kí ló mọ̀ nípa ẹ̀.

Mo pò ó, ó yòrò wàrà, omi mọ́ gaara. Refractometer, ohun tá a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, ní 1.025 géérégé, bó ṣe yẹ kó rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Refractometer ò mọ irú iyọ̀ tó wà nínú omi, bó ṣe pọ̀ tó nìkan ló mọ̀! Mo pààrọ̀ 40 lítà, lọ́sẹ̀ kejì mo tún pààrọ̀ 40 lítà. Ẹ̀ẹ̀mejì!

Hammer bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹran ara ẹ̀ ń yọ́ bí ẹ̀kọ tó ti bomi, egungun funfun yọ síta. Mo tẹ́ẹ̀sì omi: alkalinity 5.4, calcium 270. Mo wá tẹ́ẹ̀sì omi tí mo fi iyọ̀ ẹ̀ pò lásán: alkalinity òfo, calcium òfo, magnesium òfo! ₦45,000 fún iyọ̀ ọbẹ̀!

Mo pè é, ó ní omi kànga mi ni. Omi RO, omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́, ni mò ń lò, TDS ẹ̀ (ìwọ̀n ohun tó yòrò sínú ẹ̀) 0! Ó tún ní iná tí wọ́n mú lọ ni, mo ní mo ní inverter, ló bá bulọ́ọ̀kù mi. Olè! Gbájúẹ̀! Mi ò gba ìkankan nínú wọn gbọ́ mọ́, àní igo calcium tí mo rà lọ́wọ́ ẹlòmíì lóṣù tó kọjá, mo ti ń wò ó tìfuratìfura.

Ẹ má ra iyọ̀ tí wọn ò ṣí ìdérí ẹ̀ lójú yín. Kómi tuntun tó kan táńkì, ẹ tẹ́ẹ̀sì alkalinity àti calcium ẹ̀. Tí alkalinity táńkì yín bá ti wálẹ̀, ẹ rọra gbé e sókè, kó má ju 1 dKH lọ lóòjọ́.

Tèmi wà ní 6.9 láàárọ̀ yìí. Orí kan ṣoṣo ló kù lára hammer, mi ò sì tíì lè wojú ìyàwó mi.