Àpótí DVD eré Desi Arnaz: owó mi kò ṣòfò
Àpótí DVD eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, I Love Lucy, yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé Desi Arnaz, ọmọ Kúbà tó ń lùlù kọrin sí Babalú Ayé, Ọbalúayé tiwa náà ni, kì í ṣe òṣèré lásán. Ní 1951, òun ló ní kí wọ́n fi kámẹ́rà mẹ́ta ya eré náà sórí fíìmù níwájú òǹwòran, tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Lucille Ball tí wọ́n jọ ṣe eré náà, sì gbà kí owó iṣẹ́ wọn dínkù kí fíìmù náà lè jẹ́ tiwọn. Àwòrán rẹ̀ ṣì mọ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka àmì tóótòòtó ara aṣọ Lucille Ball. Páálí rẹ̀ nìkan ló ti ya létí kó tó dé ọwọ́ mi.