Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún GTX 1050 Ti Tó Ní Ihò VGA Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń ra ẹ̀yà tòkunbọ̀ láti fi to kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù olówó pọ́ọ́kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. GTX 1050 Ti jẹ́ káàdì Nvidia tó ń gbé àwòrán gẹ́ẹ̀mù jáde sójú mọ́nítọ̀, ayédèrú rẹ̀ sì ń bẹ lọ́jà. Mo ti ra ọ̀kan. 85,000 náírà ni mo san, káàdì ayé àtijọ́ tí wọ́n pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ ni mo gbé wálé. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń tà á. Ẹ lè sá fún ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ kí ẹ lọ bá ọjà kan náà ní ṣọ́ọ̀bù kẹta sí i. Káàdì yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti rí i.

Mo ti ṣèlérí fún àbúrò mi pé tó bá yege nínú WAEC, màá to kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù fún un. Ó yege, gbogbo iṣẹ́ tó ṣe ló ní credit. Owó ọwọ́ mi kò ká tuntun, mo bá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe: mo ra Dell OptiPlex 9020, èyí tó ga, tó ní Core i5-4590 àti RAM 8GB. Ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lókè òkun kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀nténà wá síbí. Ẹ̀rọ gidi ni, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ohun kan tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni power supply rẹ̀, àpótí tó ń pín iná fún un: 290W ni, kò sì ní wáyà iná 6-pin (onímú mẹ́fà) tí àwọn káàdì ńlá máa ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò fi sọ fún yín pé GTX 1050 Ti ni kí ẹ wá sí i. 75W péré ló ń jẹ, ojú ihò PCIe tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ló sì ti ń gba gbogbo iná yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá a nítorí èyí, ibi tí èèyàn bá sì ti ń wọ́ lọ ni oníjìbìtì ń pàtẹ sí.

Ẹ mọ bí Computer Village ṣe máa ń rí ní ọjọ́ Sátidé. Kí ẹ tó rìn dé àárín Otigba, wọ́n á ti fà yín lápá lọ́tùn-ún lósì: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá? Ẹ wá wò ó!" Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò fà mí lápá rárá. Ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó sì gbé omi tútù fún mi. Ó ki káàdì náà bọ inú ẹ̀rọ tiẹ̀ lójú mi, ó ṣí Device Manager, ibi tí Windows ti ń to orúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, mo kà á: NVIDIA GeForce GTX 1050 Ti. Ó ṣí dxdiag, ibòmíràn tí Windows ti ń sọ nípa káàdì, mẹ́mórì 4GB ni mo rí níbẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè? Mo yí káàdì náà padà, mo rí ihò VGA (ti wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́) aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn rẹ̀, inú mi tiẹ̀ dùn, torí mọ́nítọ̀ tó wà nílé kò ní ju VGA lọ. Mo rí i pé ó ní ojú 6-pin, mo bi í pé ṣé kì í ṣe pé 1050 Ti kì í gba wáyà ni. Ó ní èyí tó lágbára jù ni èyí. Ó mú wáyà kan tí wọ́n ń so mọ́ wáyà SATA (èyí tó ń gbé iná fún hard disk) jáde, ó gba 3,000 náírà lé e.

Bí mo ṣe ń jáde ló sọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí n ti tìtorí ẹ̀ gba owó mi padà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe update driver rẹ̀ o. Èyí tí mo kó sínú fíláàṣì yìí ni kí ẹ lò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Driver ni ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì. Káàdì tó bá jẹ́ ojúlówó, driver tó wà lórí ìkànnì Nvidia fúnra wọn ni ẹ máa gbé sí i. Kò sí ìdí kankan tí ọlọ́jà fi máa kó driver pa mọ́ sínú fíláàṣì, àfi tó bá mọ̀ pé tàwọn tó ṣe é máa tú àṣírí òun.

A délé, a tò ó, iná tàn. Windows ṣí, fídíò ń lọ geere. A wá ṣí GTA V. Ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín, mo bá ń dín àwòrán rẹ̀ kù, mo ń dín in kù títí tí ojú ọ̀nà fi dà bí ẹrẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ojú mọ́nítọ̀ fi ṣókùnkùn, tí fáànù sì ń pariwo. A tún un tàn, ó tún ṣe é. Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń sọ pé "Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ̀gbọ́n mi, mo lè máa fi ka ìwé." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó náà lọ. Nígbà tó di alẹ́, mo gbé driver tuntun láti ìkànnì Nvidia sí i, mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Windows kò dá káàdì náà mọ̀ mọ́. Code 43, ìyẹn àmì pé káàdì ní ìṣòro, ló ń sọ fún mi. Mo ti ń rò ó pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló ní kí n wa GPU-Z wá, ètò kan tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì gan-an. Ọ̀fẹ́ ni, kò tóbi rárá. Mo ṣí i. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí níwájú orúkọ káàdì náà ni [FAKE]. Níbi tó yẹ kó ti kọ GP107, orúkọ chip ojúlówó 1050 Ti, GF116 ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé GTX 550 Ti ni káàdì mi, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2011. Ojúlówó 1050 Ti, 2016 ni ti ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Gbogbo káàdì ló ní BIOS tirẹ̀, níbi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti iye mẹ́mórì rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ní irin iṣẹ́ lè pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, kó kọ òmíràn sí i, bí ẹni rọ omi ṣúgà sínú ìgò oyin tí kò yọ ìwé ara rẹ̀. Ohun tí BIOS bá sọ fún Windows náà ló máa sọ fún yín. Device Manager kò ṣe ìwádìí kankan, dxdiag náà kò ṣe é. Chip gan-an ni GPU-Z ń yẹ̀ wò, láti 2018 ni wọ́n sì ti fi ìkìlọ̀ [FAKE] yìí sí i nítorí irú káàdì wọ̀nyí tó pọ̀ níta. Ní ti káàdì mi, mẹ́mórì tó wà lára rẹ̀ gan-an kò ju 1GB lọ, BIOS ló ń parọ́ 4GB. Ẹ̀rọ gbà á gbọ́. Tí gẹ́ẹ̀mù bá wá fẹ́ kó ẹrù kọjá 1GB, ibi tí kò sí ló ń kó o sí, ojú mọ́nítọ̀ á ṣókùnkùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa láti ọ̀sán nìyẹn.

Ẹ lè dá a mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan. Ihò VGA ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Chip tó wà nínú ojúlówó 1050 Ti kì í gbé àmì VGA jáde. HDMI, DisplayPort àti DVI ni ẹ máa ń bá lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí ihò búlúù yẹn, ẹ fi káàdì sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Inú mi dùn sí ohun tó yẹ kó lé mi jáde, torí mi ò mọ̀. Ẹ tún wo DVI rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò kéékèèké, ẹ máa rí ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn. Ní ara ojúlówó, ojú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dá wà ni. Tí ihò mẹ́rin bá yí i ká, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, káàdì àtijọ́ ni. Ti wáyà 6-pin kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lójú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, torí àwọn ojúlówó kan wà tí wọ́n fi í sí lára lóòótọ́. Àmọ́ tí 6-pin àti VGA bá pàdé lára káàdì kan náà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́.

Wáyà SATA tó tà fún mi yẹn ńkọ́? Ó burú ju bí mo ṣe rò lọ. 54W ni ojú SATA kan lè gbé, 75W ni wọ́n ṣe 6-pin fún, GTX 550 Ti sì lè jẹ tó 116W lápapọ̀. Nígbà tí mo yọ wáyà náà, ike rẹ̀ ti ń yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yàrá tí ọmọ ń sùn sí ni mo gbé ẹ̀rọ yẹn sí. Ẹ má ra wáyà yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà tí káàdì yín bá jẹ́ ojúlówó.

Mo padà lọ bá ọlọ́jà náà ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó kọ́kọ́ ní èmi ni mo ba káàdì jẹ́ torí mo ṣe update. Mo fi GPU-Z hàn án, ó ní òun ò mọ ìyẹn, bí òun náà ṣe rà á nìyẹn. Ó nawọ́ sí rìsíìtì níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá ti sanwó kò lè gba owó padà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìkọ̀wé yẹn dẹ́rù bà yín. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, èyí tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń bójú tó, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà tí kò bá bá ohun tí wọ́n pè é mu. Ní Èkó, LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà, wà. Nígbà tí mo dárúkọ àwọn méjèèjì ni ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

Ó ní òun á pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, kí n fi 40,000 náírà lé e, òun á fún mi ní RX 580, káàdì AMD tó lágbára jù ú lọ. Mo ní kó gbé e wá ká fi GPU-Z wò ó. 2048 ni iye shader (àwọn ẹ̀ka kéékèèké inú chip tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán) tí mo rí níbẹ̀, RX 580 gidi sì gbọ́dọ̀ ní 2304. Ti èyí kì í ṣe ayédèrú pátápátá, AMD ló ṣe é fún ọjà Ṣáínà ní 2018, ṣùgbọ́n agbára RX 570 ló ní, owó RX 580 ni wọ́n sì ń gbà lé e lórí níbí. Dell mi ò tiẹ̀ lè fún un níná. Mo kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí bàbá kan tó jẹ́ àgbà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn dá sí i, ó dá 50,000 padà fún mi. Ìyókù lọ.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Mo ń gbé fíláàṣì tèmi lọ sọ́jà, GPU-Z àti FurMark, ètò tó ń mú káàdì ṣiṣẹ́ àṣekára títí á fi gbóná, ń bẹ nínú rẹ̀. GPU-Z ló ń kọ́kọ́ ṣí, mo á wá orúkọ chip, GP107, àti 768 níbi shader. Tí ìyẹn bá dára, FurMark á sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú mi, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi àwọn káàdì kan wa owó kírípítò títí di 2022 tí Ethereum, ọ̀kan lára owó bẹ́ẹ̀, fòpin sí i, irú káàdì bẹ́ẹ̀ kì í sì fara da ooru mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ń sanwó. Ọlọ́jà tó bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, mo ti ń lọ nìyẹn. Ẹni tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní kí n fi owó ránṣẹ́ kí n tó rí káàdì, mi ò dá a lóhùn. Tí ẹ bá sì rà, ẹ ní kó kọ "GTX 1050 Ti 4GB" gbangba sórí rìsíìtì. "Graphics card" lásán ló wà lórí tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ni ọlọ́jà mi sì fi ń wá ibi sá sí.

Ọwọ́ ọmọ yunifásítì kan tó fẹ́ ra káàdì tó tóbi jù ni mo ti rí ojúlówó rà. Ó jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ HDMI di VGA fún mọ́nítọ̀ wa, kò sì sí wáyà kankan tó gbóná nínú Dell yẹn mọ́.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí rèé: nígbà tí mo ń ka 50,000 náírà yẹn lọ́wọ́, ọlọ́jà náà nu káàdì náà pẹ̀lú aṣọ, ó dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀, ó sì gbé e padà sórí pẹpẹ. Fáànù dúdú kan ló ní, ìwé pupa wà láàárín fáànù náà, ihò VGA búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú 6-pin sì wà ní ìdí rẹ̀.